Ibùsùn Alàgbà

Pósí ni ọkọ mi ń kàn. Mo tètè sọ ọ́ nítorí àwọn èèyàn máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Òun ló ń gé pákó, tó ń kùn ún títí èèyàn fi lè rí eyín ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Èmi ni mò ń rán aṣọ funfun tí a fi ń tẹ́ inú ẹ̀, mo sì máa ń fi léèsì yí etí ẹ̀ ká. Iṣẹ́ wa mọ́. Kò sí ẹni tó sùn sínú ẹ̀ tó pa dà wá ṣàròyé rí.

Ní ti àbúrò mi obìnrin, ajá tí kò nílé ló ń tọ́jú. Ó háyà ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ibẹ̀ ló ń kó wọn sí. Kì í bẹ èèyàn fún nǹkan ńlá. Bó o bá ní aṣọ ìnura tó ti gbó, mú un wá. Bí ọwọ́ ẹ bá dilẹ̀ fún wákàtí kan, wá mú ajá kan rìn yí àdúgbò ká. Èmi náà máa ń mú wọn rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò fẹ́ràn ajá. Irun wọn máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn là ń pè ní Alàgbà. Ewú ti gba gbogbo àgbọ̀n ẹ̀, ó sì máa ń húkọ́. Àbúrò mi ò jẹ́ fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀. "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí n gbálẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Alàgbà á kọ́kọ́ rò ó wò ná.

Ikọ́ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Onílé ní òun ò rí oorun sùn mọ́. Ó ní kí wọ́n wá ibòmíràn fún èyí tó ń húkọ́ yẹn kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á pe àwọn tó ń kó ajá ìgboro. Àwọn yẹn kì í dá ajá pa dà. Àbúrò mi wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, ojú ẹ̀ ti wú. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ làwọn tó fẹ́ gba ajá máa wá wò wọ́n, kò sì sí ọjọ́ míì mọ́ kí oṣù tó parí. Sìmẹ́ńtì tútù tí wọ́n ń sùn lé ló ń fa ikọ́ náà. Ṣé ọkọ mi lè bá òun kan pákó díẹ̀ pọ̀ ṣe ibùsùn fún wọn?

"Ìyàwó mi kékeré," ọkọ mi ní, "fọkàn balẹ̀."

Pákó tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ló lò. Ó lọ wọn ajá kọ̀ọ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Èmi náà ò káwọ́ gbera, mo rán tìmùtìmù sí i. Nígbà tá a kó àwọn ibùsùn náà dé ilé àwọn ajá láàárọ̀ Sátidé, àbúrò mi wò wọ́n títí.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "kí ni ti ọwọ́ idẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí?"

"Kó lè rọrùn láti gbé."

"Kí ló dé tó fẹ̀ léjìká, tó wá tín-ín-rín lẹ́sẹ̀?"

Ọkọ mi wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìdí tí ilẹ̀kùn fi ga. "Èjìká ló máa ń fẹ̀," ó ní. "Iṣẹ́ ẹrú lo rán mi, mo fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ni mo ṣe?"

Èmi náà ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ṣáà ń dán. Àwọn ajá pàápàá ò bá wa jiyàn, wọ́n kó sínú ẹ̀, wọ́n nà gbalaja. Alàgbà gbé àgbọ̀n lé léèsì, ó dijú, ikọ́ ẹ̀ sì rọlẹ̀.

Bàbá kan àti ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré. Wọ́n bá pósí tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ajá kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀, kò sí èyí tó mira.

"Mọ́mì," ọmọ náà ní, "ìgbà wo ni wọ́n kú?"

Ìgbà yẹn gan-an ni Alàgbà dìde jókòó. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Bàbá ọmọ ló kọ́kọ́ dé títì. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pàdé wọn lẹ́nu géètì, wọ́n bá wọn pa dà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀, ó gbé orí Alàgbà lé itan, ó ń sunkún. Inú bí mi sí ọkọ mi, inú bí mi sí ara mi, mo tún wá àyè bínú sí onílé. Ọkọ mi dìde. Ó mú ayùn, ó ní òun á gé èjìká yẹn kúrò.

Bó ṣe gbé ayùn lé e ni obìnrin kan wọlé. Mo dá a mọ̀. Kò tíì pẹ́ tá a kan ti ọkọ ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun ló ní kí òun wá mú ajá kan, nítorí ilé ti dá jù. Ló bá rí àwọn ibùsùn náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan idẹ.

"Irú ọwọ́ yìí ló wà lára ti bàbá àwọn ọmọ mi," ó ní.

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sí i. "Ẹ má bínú, mà," ọkọ mi ní. "Mo ti ń gé e kúrò."

"Ẹ má gé e."

Alàgbà ti kúrò lórí itan àbúrò mi, ó ti pa dà sínú ibùsùn ẹ̀. Ó húkọ́. Ó la ojú kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó na ara, ó gbọn etí pàtàpàtà. Ó wá jáde wá gbóòórùn bàtà obìnrin náà. Obìnrin náà ń wò ó, omi ń dà lójú ẹ̀, kò sì nù ún.

Àbúrò mi ò fẹ́ tan án jẹ. "Mà, wọ́n ti dàgbà gan-an o. Wọ́n sì máa ń húkọ́."

"Ọkọ tèmi náà húkọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀." Ó tún wo ibùsùn náà. "Mo dúró ti èyí tẹ́ ẹ kàn fún bàbá àwọn ọmọ mi títí, mò ń retí kí wọ́n dìde. Mo ṣì ń lá a lálàá. Ẹ bá mi gbé ti ajá yìí sínú ọkọ̀. Mo fẹ́ máa rí ẹni tó ń jí dìde nínú ẹ̀ láràárọ̀."

Ọkọ mi gbé apá orí, èmi gbé apá ẹsẹ̀, bó ṣe mọ́ wa lára. Ẹni tó ni ín ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn níwájú wa, ó ń dúró gbóòórùn gbogbo igun ògiri.