Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Télọ̀

Ilé tí wọ́n ní kí ọmọ mi lọ yẹ̀ wò, àbúrò mi ló ń gbé òkè rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Bí wọ́n bá ti ilé náà pa, kò ní ibùgbé, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ọmọ mi obìnrin yìí yàn. À ń yẹ ilé wò kí iná má baà pa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Òun ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Panápaná tó gbé ọmọ jáde nínú iná, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò jẹ́ kí iná ṣẹlẹ̀ rárá ńkọ́? Ilé tí kò jó kò ní ìròyìn. Ohun tí wọ́n máa rántí ni pé o wá yọ wọ́n lẹ́nu.

Mo sọ èyí fún un kó tó wọ iṣẹ́ náà. Ó ní, "Bàámi, ṣé ẹ̀yin náà ò ṣe é dọjọ́ ogbó ni?"

Àbúrò mi mọṣẹ́ rẹ̀. Àléébù kan tó ní ni ọjọ́. Bó o bá gbé ṣòkòtò fún un, á ní kó o wá lọ́la. Bó o bá dé lọ́la, á tún ní ọ̀la. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ó-Dọ̀la. Ó ń jẹ́ orúkọ náà tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé ọ̀hún, ogbó ti dé sí i. Àtẹ̀gùn méjì ló ní, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, pákó ni méjèèjì. Ọkùnrin kan ń ta gáàsì nísàlẹ̀, ó to sílíńdà sábẹ́ àtẹ̀gùn iwájú bí ẹni to iṣu. Wáyà iná ti bó láwọ. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé, àfi fèrèsé ńlá iwájú ti àbúrò mi. Òun ló yọ irin ibẹ̀ nígbà tó fẹ́ gbé mẹ́ṣíìnì ńlá rẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà, ṣùgbọ́n onílé ti to àpò sìmẹ́ńtì dí i.

Bí ọmọ mi ṣe ń gun òkè, àbúrò mi rí i.

"Ọ̀gá Panápaná! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má mú mi o, mi ò dáná kankan."

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

"Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbápá sókè kí n wọ̀n ọ́. Aṣọ yẹn fún ọ jù. Ìjọba ò mọ aṣọ í rán."

Ìyàwó rẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ ọkọ mi sílẹ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ gbà láti ọjọ́ yìí, ṣé ẹ ti rán an tán?"

Onílé ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé yìí ti wà kí wọ́n tó bí ọmọ mi, iná kò jó o rí. Ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí tí kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé tó jó pátá, kò jó rí tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ọmọ mi kọ́kọ́ mú. Ó ní kí onílé kó sìmẹ́ńtì kúrò, ó sì dúró lé e lórí títí ó fi kó o. Ó fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Ó pe àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, ó mú wọn sọ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kalẹ̀ títí wọ́n fi jáde síta. Ó ní, "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ronú, ẹ má mú nǹkan kan. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbà." Àbúrò mi ní òun gbọ́, ó wá bi í bóyá òun lè mú ìyàwó òun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi jẹun dáadáa. Nídìí iṣẹ́ wa, a máa ń sọ pé ilé ọlọ́nà kan, pàkúté ni. Ilé náà ti di ọlọ́nà méjì.

Ṣùgbọ́n gáàsì kò kúrò. Wọ́n lé ọkùnrin náà, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó tún kó o padà. Onílé kò fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀gá ọmọ mi ní kó lọ ti ilé náà. Ọmọ mi wá bá mi ní pálọ̀.

"Bàámi, kí ni kí n ṣe?"

"Ṣé gáàsì ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Wáyà ńkọ́?"

"Bó ṣe wà náà ló wà."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

"Bàbá Kékeré ni, sà."

Mo ní iná kì í bi èèyàn pé ọmọ ta ni. N kò tíì rí ìdí tí mo fi máa yí ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Nígbà tiwa, bébà la máa ń lẹ̀ mọ́ ilé tí a bá tì. Wọn a fà á ya, wọn a padà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo ṣéènì àti àgádágodo, níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n á tún gé iná ilé náà lórí òpó. Ìlànà ni.

Wọ́n fún àwọn ayálégbé láyè láti kẹ́rù. Onígáàsì ló kọ́kọ́ kó tirẹ̀ tán. Àbúrò mi kó aṣọ, ó kó bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́ṣíìnì ńlá kò ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lókè. Nígbà tí wọ́n ti iwájú tán, ọmọ mi àti ọ̀gá rẹ̀ yí sẹ́yìn ilé.

Ọmọ mi ní, "Ẹ̀yìn náà, sà?"

Ọ̀gá ní, "Ilé tá a bá tì, a tì í. Ta ló kù nínú rẹ̀ tó máa wá ọ̀nà?"

Ọ̀rọ̀ náà ní láákàyè. Ilé òfìfo kò nílò ọ̀nà àbáyọ. Ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí.

Àwọn ayálégbé wà níwájú ilé pẹ̀lú ẹrù wọn. Wọn kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ mi yọ, àbúrò mi gbé dìdì aṣọ lérí. Ó ní, "Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Tìẹ yàtọ̀ o, ọmọ. Ìwọ fojú sùn mí kó o tó sọ ọ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rín in, ó sì tẹ̀ lé ọmọ mi wá sílé mi.

Mo fún òun àti ìyàwó rẹ̀ ní yàrá kan. Ó ń jókòó sí pálọ̀, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Ó ti gba yunifọ́ọ̀mù iléèwé kan, ó ti gé e, kò tíì rán an. Iléèwé ti fẹ́ wọlé.

Mo ní, "Ṣebí o lè sọ fún wọn pé ó dọ̀la."

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ ò ní yẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Bí mo bá tún já àwọn yẹn kulẹ̀, ta ló máa gbéṣẹ́ fún mi mọ́?"

Ó ní òun rí ọ̀rẹ́ kan tí òun lè lo mẹ́ṣíìnì rẹ̀. Láàárọ̀, á jáde. Nírọ̀lẹ́, á dé, fọ́nrán òwú á wà lára rẹ̀. Ara rẹ̀ tún yá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ. Inú ọmọ mi rọ̀.

Kò sí ọ̀rẹ́ kankan. Ó ń gbé àkàbà ti ògiri ilé tí wọ́n tì, ó ń gba ojú fèrèsé iwájú wọlé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wa mẹ́ṣíìnì ńlá náà, kò nílò iná ìjọba. Áyọ́ọ̀nù ló nílò iná. Wọ́n ti gé iná. Ó wá áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Òun ló ń bá a gbé èédú àti oúnjẹ lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Atẹ́gùn ń fẹ́. Bóyá ẹ̀ta iná ló bọ́ sáàárín aṣọ, bóyá áyọ́ọ̀nù ló ṣubú, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Yunifọ́ọ̀mù wà lọ́pọ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ibẹ̀ ni iná ti sọ. Àbúrò mi kò lè gba ibi tó gbà wọlé jáde mọ́.

Ó ṣe ohun tí ọmọ mi kọ́ ọ. Kò mú nǹkan kan. Ó sọ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kalẹ̀.

Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ bó ṣe ń lu ilẹ̀kùn. Wọ́n fi òkúta lu àgádágodo náà títí. Ojúlówó ni, kò ṣí. Nígbà tí àwọn panápaná dé tí wọ́n gé ṣéènì, lílù ti dáwọ́ dúró. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Iná kò kàn án níbì kankan. Èéfín ni. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọmọ mi kò sunkún níbẹ̀. Ó wo ìdè ilẹ̀kùn náà, lẹ́yìn náà ó wò mí.

Ọ̀gá rẹ̀ wá kí wa. Ó ní ìlànà ni wọ́n tẹ̀ lé, ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi. Òótọ́ ni. Ọmọ mi bi í bóyá wọ́n á yí ìlànà náà padà. Ó ní bí a bá fi ẹ̀yìn sílẹ̀ láìtì, gbogbo èèyàn ni yóò padà wọlé. Òótọ́ nìyẹn náà. Onílé wá pẹ̀lú. Ó ní ká gba kámú. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi ń sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ti ń já búlọ́ọ̀kù.

Ìyàwó àbúrò mi kò rí ibi tí yóò lọ. Ọ̀dọ̀ wa ló wà. Òun àti ọmọ mi ń kí ara wọn, wọ́n jọ ń jẹun, wọn kì í sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dédé dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Ọmọ ọkọ mi, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ká ní ilẹ̀kùn yẹn ṣí, ṣé ì bá jáde?"

Mo wo ọmọ mi. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo ń wá.

Ó rò ó bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa pé ká rò ó: ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí èéfín gbà, bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà ṣe ń yá tó lórí àtẹ̀gùn. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń rò ó.

"Ì bá jáde, Màmá Kékeré. Ì bá ti dé ìta kí èéfín tó bá a."

Opó náà mi orí. Ó ní, "O ṣé." Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi ni mo gbé èédú fún un." Oúnjẹ tutù níwájú wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní ilé kan wà tí wọ́n fẹ́ lọ tì.

"Ṣé ẹ máa ti ẹ̀yìn náà?"

"A máa tì í, Bàámi. Ṣùgbọ́n kí n tó tì í, màá wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Màá pariwo pe ẹni tó bá wà níbẹ̀."

Mo ní, "Àbúrò mi kò sí nínú ilé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tì í."

Ó ní òun mọ̀. Ó jáde.