Agbẹnusọ Àwọn Ará Òdìkejì Odò

Páànù búrẹ́dì gbígbóná wà lọ́wọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì nígbà tí tíṣà àgbà wọlé, tó sì sọ fún un pé ìyá náà ni yóò gbẹnu sọ fún àwọn ará òdìkejì odò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Páànù náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó mú àkísà tó fi dì í mú, ó ká a, ó tú u, ó tún ká a.

“Ẹ tún un sọ, Tíṣà.”

“Òfin yín ni, Màmá. Ẹ̀yin lẹ dá a.”

Òótọ́ kúkú ni. Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tí tíṣà yìí fẹ̀yìn tì, tí kò rí ọmọ ilé ìwé tí yóò máa kọ́ mọ́, ó kó àwọn ará àdúgbò jọ, ó dá Ẹgbẹ́ Ìmọ̀ Ayé sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé láti yẹ ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè wò: ta ló ń bá ta jà, kí ló fà á, kí ló kàn wá níbẹ̀. Àwọn tí kò wá ń pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Olófòófó Àgbáyé. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí etí rẹ̀ kì í kúrò nídìí rédíò, ló yọ̀ǹda yàrá òkè ilé búrẹ́dì rẹ̀ fún wọn. Òun ló wá àga sí i. Òun náà ló ń gbé búrẹ́dì gòkè fún wọn, nítorí ó mọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ dáadáa: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kì í wọ̀ wọ́n létí bí ẹnu bá dilẹ̀.

Ní Sátidé kan, bíríkìlà kan àti télọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya nítorí ogun ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè tọ́ka sí lórí máàpù. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára jù ni yóò gbẹnu sọ fún ẹni tó ń bí i nínú, yóò sì máa pe ara rẹ̀ ní “àwa” títí yóò fi parí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ló wí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Òfin kì í ṣòro dá nígbà tí ìjà bá ṣì jìnnà sílé ẹni.

Ìjà ti wá délé báyìí. Láti ìgbà tí àwọn ará òdìkejì odò ti ti ẹnubodè wọn ni wọ́n ti dá ọkọ̀ akẹ́rù ọmọ rẹ̀ dúró lọ́hùn-ún, òun àti àwọn awakọ̀ mìíràn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí sì nìyẹn. Wọn kò nà án, wọn kò sì jẹ́ kó máa bọ̀. Lórí fóònù, ohun kan náà ló máa ń sọ: òun ń jẹun, òun ń sùn, kí wọ́n má dààmú. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá ń sùn dáadáa kì í ròyìn oorun rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

“Màmá, ẹ ẹ̀ ní ṣe é, àbí?”

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni. Ó ń to búrẹ́dì sínú agbọ̀n lẹ́yìn wọn láti àárọ̀, oyún inú rẹ̀ ti tóbi débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sún mọ́ tábìlì. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́.

“Mi ò tíì dáhùn, ìyàwó mi.”

“Àwọn tó há ọkọ mi mọ́ lẹ fẹ́ gbèjà, nínú ilé yìí. Ẹ ẹ́ wá dúró níwájú èèyàn, ẹ ẹ́ máa sọ pé ‘àwa’.” Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. “Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ilé bàbá mi ni mo máa lọ bímọ sí.”

Tíṣà ń wo ilẹ̀. “Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ṣe, Màmá, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ òfin yẹn ti kú nìyẹn. Mi ò ní lẹ́nu láti ní kí ẹlòmíì ṣe é mọ́.” Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ìbànújẹ́ náà kò sì mú un gbàgbé búrẹ́dì tó wá rà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó ti ààrò. Ojú tì í, nítorí bó ti ń ro ohun tí òun lè sọ ló rí i pé òun kò mọ ohunkóhun. Gbogbo ogun ayé ló ti tọ pinpin, ìdí tí wọ́n fi há ọmọ tirẹ̀ mọ́ ni kò bi ẹnikẹ́ni. Ìbínú nìkan ti tó fún un. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó sì forí lé ìparí òpópónà, níbi tí aránbàtà kan tó jẹ́ ọmọ òdìkejì odò ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè ni àwọn aládùúgbò kò ti gbé bàtà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ a máa sọdá títì kó má baà kí i.

Bàtà ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, nítorí kò sí ti ẹlòmíràn nílẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá Oníbúrẹ́dì. Ó mà tọ́jọ́ mẹ́ta tí mo rí bàtà yín.”

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé táwọn èèyàn yín fi ti ẹnubodè?”

Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wò ó bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. “Ẹ ò gbọ́ ni? Oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé ni. Ayédèrú. Ọkọ̀ akẹ́rù láti ìhín yìí ló gbé e wọlé. Àwọn ọmọ mu ún, wọ́n kú. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà lára wọn.”

“Ọmọ tèmi kọ́ ló gbé e.”

“Mi ò sọ pé òun ni. Wọn ò mọ ọkọ̀ tó gbé e, ni wọ́n ṣe dá gbogbo wọn dúró. Wọ́n bi ìjọba tibí, tibí ò dáhùn.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì wá da ìbéèrè bò ó. Ta ló kọ́kọ́ fura? Kí ni ìjọba lọ́hùn-ún ń fẹ́ gan-an? Ọkùnrin náà ń dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, òun náà ń kó o sórí. Nígbà tó rí i pé ohun tí òun gbọ́ ti tó láti fi gbẹnu sọ, ó dúpẹ́, ó sì sáré padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n.

Yàrá òkè kún lọ́jọ́ náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ti gbé báàgì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ìyá rí báàgì náà. Síbẹ̀ ó dìde.

“Àwa ará òdìkejì odò,” ló bẹ̀rẹ̀, ó sì wo báàgì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. “Àwa la ti ẹnubodè. Àwọn ọmọ wa ń wúkọ́, a ra oògùn fún wọn. Ọwọ́ ara wa la fi fún wọn mu. Ẹ rò ó wò, ọwọ́ ara wa. Nígbà tá a sin wọ́n tán, a bi yín pé ta ló gbé e wá. Ẹ ò dá wa lóhùn. Ẹ ní a kórìíra yín ni.”

Kódà bíríkìlà tó máa ń sùn níbẹ̀ lajú sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó parí, Tíṣà sì ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè na ọwọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà, láti orí àtẹ̀gùn.

“Ẹ̀yin ará òdìkejì,” ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ wí. Kò pè é ní Màmá. “Ọkọ mi ò pa ọmọ yín, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ wa kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀?”

Ìdáhùn wà lẹ́nu Ìyá Oníbúrẹ́dì, gbogbo ohun tí ìjọba ọ̀hún ń bèèrè fún. Bó ti fẹ́ la ẹnu ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ara aránbàtà náà, tó wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, tó sì jókòó sórí àga tó kẹ́yìn. Ìdáhùn náà fò lọ lórí rẹ̀.

“A ò mọ̀,” ló sọ. “Àmọ́ látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹnì kan nínú yín ò tíì kí wa kú ọ̀fọ̀.”

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé ojú rẹ̀ títí dé àga tó kẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Lẹ́yìn náà ó fi báàgì sílẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ gba àárín àwọn àga kọjá, ó lọ bá ọkùnrin náà.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, sà. Ọlọ́run á tu àwọn ìyá ọmọ nínú.”

Aránbàtà náà tẹrí ba. “Ẹ ṣé, ọmọ mi,” ló wí, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, àwọn yòókù gbà á. Tíṣà ń mi orí bí ẹni tí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ gba ipò kìíní. Obìnrin náà kò wò wọ́n. Ohùn ọkùnrin náà ló ń gbọ́, pé ọmọ àbúrò mi obìnrin wà lára wọn, ó sì ń gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ fi dá a lóhùn láàárọ̀ yẹn, pé ọmọ tèmi kọ́ ló gbé e, àti gbogbo ìbéèrè tó bi í lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti dìde dí ọ̀nà àárín àwọn àga, wọ́n fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wù ú kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n sì yà fún òun kí òun náà lè kọjá lọ bá aránbàtà náà.