Bí A Ṣe Ń Tún Mànàmáná Bí

1.

…àti pé bí a bá máa pa Mànàmáná, kí a pa á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ojú ìwé kan péré. Kí ó sọ gbólóhùn kan tó máa pa àwọn òǹkàwé lẹ́kún, kí ó sì kú. Lóṣù tó ń bọ̀, a ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún méje. Ìyá Ẹnu ni kó kọ gbólóhùn náà.

— Ọ̀gá Kékeré

(Lẹ́tà tí mo bá lórí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.)

2.

Èmi ni Ìyá Ẹnu. Níbi tí a ti ń ṣe ìwé àwòrán, ẹlòmíràn ló ń ya ènìyàn. Èmi ni mo ń kọ ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn, sínú òbìrìkìtì funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì rèé.

Ayàwòrán mẹ́rin ti wá, wọ́n ti lọ. Èmi jókòó.

3.

ORÚKỌ TÓ TI JẸ́

ỌMỌGE MÀNÀMÁNÁ. Ọ̀gá Àgbà, baba Ọ̀gá Kékeré, ló bí i. Ọmọ ogún ọdún. Kọ́tìnnì ló so mọ́ ẹ̀yìn. Ó ń mú àrá lọ́wọ́ bí ẹni mú adìyẹ.

SÍSÍ MÀNÀMÁNÁ. Ayàwòrán kejì ní aṣọ rẹ̀ gùn jù. Ó gé e. Ó tún gé e. Àwọn ìyá kọ̀wé sí wa. Ó dá díẹ̀ padà.

DÓKÍTÀ MÀNÀMÁNÁ. Ó wọ awò ojú. Ó gbàgbé bí a ṣe ń fò. Ìwé kò tà.

MÀNÀMÁNÁ lásán. Ọdún mẹ́fà ló fi bínú. Òjò ń rọ̀ ní gbogbo ojú ìwé. Ayàwòrán ìgbà náà àti ìyàwó rẹ̀ ń kọ ara wọn sílẹ̀ ni.

ÌYÁÀFIN MÀNÀMÁNÁ. Ti Ayàwòrán ìsinsìnyí, ọmọbìnrin tí mo lè bí. Ó fún un ní ikùn. Ó fún un ní orúnkún tó ń ro. Ó fún un ní irun ewú mẹ́ta. Mo kà á.

4.

(Mi ò rí ìwé tó yẹ kó wà níbí mọ́. Ẹ máa bọ̀.)

5.

Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọn ò pààrọ̀ rí. Ohùn mi ni.

6.

ÈMI: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́.

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

ÈMI: Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Ó ti dàgbà jù, Màmá. Àwọn ọmọdé ò fẹ́ ẹni tí orúnkún ń ro.

AYÀWÒRÁN: Ṣé ẹ bi wọ́n ni, sà?

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Èwo ni ká bi wọ́n? A mọ̀ náà ni. Tuntun ti wà nílẹ̀. Ó ní ajá kan.

ÈMI: Ajá?

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Ajá tó ń fò.

(Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.)

7.

Ayàwòrán gbé ojú ìwé tó kẹ́yìn wá fún mi. Àrá fẹ́ já lu ilé ìwé kan. Mànàmáná ti fi àyà gbà á. Ó nà gbalaja nílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Òbìrìkìtì wà níbẹ̀, ó ń dúró dè mí.

"Màmá," Ayàwòrán ní, "mo ti ń sunkún látàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ nǹkan tó dùn jù."

8.

OHUN TÍ MO KỌ, TÍ MO FAGI LÉ

✗ Ó dìgbà. (Bí ẹni tó fẹ́ lọ ra ọṣẹ.)

✗ Mo ti ṣe tèmi. (Irọ́.)

✗ Ẹ má sunkún. (Wọ́n á sunkún.)

✗ Orúnkún mi o!

✗

9.

Atẹ̀wé dé, ó gbà á lọ. Mo gbàgbé láti kọ ọ́.

10.

Rárá o. Mi ò gbàgbé.

11.

ÌKÉDE

Àṣìṣe wáyé nínú ìwé oṣù yìí. Òbìrìkìtì kan ṣófo ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ̀wé sí wa nípa rẹ̀.

12.

Wọ́n kọ̀wé.

13.

"Mo ti bá yín kọ ọ́. Ó ní: TA LÓ GBÉ BÀTÀ MI? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí."

"Látìgbà Ọmọge ni mo ti ń kà á. Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Ó ní: Ẹ FÚN MI LỌ́WỌ́, KÍ N DÌDE. Bí èmi náà ṣe ń sọ láràárọ̀ nìyẹn."

"HẸ̀N? KÍ LẸ Ń WÒ?"

"Olùkọ́ ni mí. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlélógójì, ìdáhùn méjìlélógójì. Kò sí ẹyọ kan tó pa á."

14.

Àpò lẹ́tà mẹ́sàn-án. Ọ̀gá Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, ó ń kà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Màmá. Gbogbo wọn ló jí i dìde.

ÈMI: Mo rí i.

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀?

ÈMI: Kí ni ìwọ rò?

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Mo rò pé kí n má bèèrè mọ́.

15.

Ayàwòrán ti ya Mànàmáná fún oṣù tó ń bọ̀: ó dìde jókòó, irun dúró ṣánṣán, èéfín ń jáde létí méjèèjì.

AYÀWÒRÁN: Ẹni àádọ́ta ọdún ni ká fi í ṣe.

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Ogójì.

AYÀWÒRÁN: Sà, ẹ wo ìyá àgbà tó kọ lẹ́tà yẹn. Àádọ́rin!

Ọ̀GÁ KÉKERÉ: Àádọ́rin kẹ̀? Ta ló máa gbé e fò?

Wọ́n ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, orí wọn bo ojú ìwé náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ sún," ni mo wí. "Ẹ sún síbẹ̀ yẹn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀."