Ìbòji fún Ẹja Miriam

Ẹ̀yìn ilé ìdáná Ìyé ni Miriam gbẹ́ kòtò ẹja rẹ̀ sí, níbi tí ilá máa ń wà lọ́dọọdún. Ìyé ni ìyá ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ní Kábà, kì í sì í fi ilẹ̀ ṣeré. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe: bí ẹja àrọ̀ wọ̀nyẹn kò bá tó sè lọ́dún Àjíǹde, kí wọ́n dí kòtò náà, kí ilá padà sáyè rẹ̀.

Nígbà òjò, ẹja ń jẹ bí ẹni tó ti oko dé. Miriam kò ní í tíì da oúnjẹ tán tí omi á ti máa hó. Àmọ́ nígbà tí ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí omi àárọ̀ ń ta ni lọ́wọ́ bí èsìsì, wọ́n rì sísàlẹ̀, wọn ò jẹ mọ́, wọn ò sì dàgbà mọ́. Omi fà, ó mọ́ kedere. Ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan wá ń dúró létí kòtò bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò.

Miriam rò pé àìsàn ni. Ìyé kò bá a rò ó. Nílé Ìyé, ẹ̀dá kan kì í fi ebi sùn. Àlejò tó bá ní òun ti yó, iyán mìíràn ni yóò tún bù fún un. Ló bá ń gé ìyókù iyán wẹ́wẹ́ ní kùtùkùtù, ó ń dà á sómi, ó sì ń bẹ ẹja kí wọ́n jẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òórùn ló tú u fó. Miriam fi igi ro ìsàlẹ̀ kòtò, iyán kíkan ló bá a gòkè.

Inú bí i, àmọ́ ẹ̀rín borí. Ó bi Ìyé bóyá ilá rẹ̀ ló ń jà fún.

“Bí mo bá fẹ́ gba ilẹ̀ mi,” ni Ìyé wí, “ọkọ́ ni n óò gbé, kì í ṣe iyán.”

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo omi. Miriam rántí ìgbà tí wọ́n mú òun wá láti Igbaruku. Ojú àwọn ará ilé ọkọ pọ̀ lára rẹ̀, òkèlè kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ, ó sì ń rù.

“Ìyé, nígbà tí mo dé, ẹ ò bù kún oúnjẹ mi. Aṣọ lẹ ta sí igun ilé ìdáná, kí n lè rí ibi sá pamọ́ jẹun.”

Ìyé wo ẹyẹ náà, ó wo omi. Ó dìde, ó mú àdá.

“Ebè iṣu pàápàá, a máa ń fi koríko dé e lórí. Wá, ká lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ.”

Wọ́n gbọ́n omi burúkú náà dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n pọn tuntun sí i. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìdajì kòtò, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ fún oòrùn. Ọ̀sán gangan, nígbà tí omi bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ni Ìyé ń fún wọn lóúnjẹ báyìí, díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ kí wọn, “Okun o,” kó tó da nǹkan kan. Wọn ò dáhùn títí, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹnu kan yọ lábẹ́ imọ̀, ó gba ẹyọ kan, ó sá padà. Ìyé di Miriam lápá mú, kò jẹ́ kó mí.

Nígbà tí ooru dé, omi tún ń hó. Lọ́dún Àjíǹde, Ọlọ́runlékè ọkọ Miriam gbé ọ̀kan jáde, ẹja náà sì fi ìrù gbá a lójú. Ìyé fi apá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tó sè. Ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí wọ́n da omi burúkú sí. Ilá tí ẹnì kan kò gbìn ti hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Ó já ẹ̀kúnwọ́ kan.

“Ilá ti rílé tiẹ̀,” ló wí. “Ẹ má dí kòtò mọ́.”

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó ṣì ń yọjú wo abẹ́ imọ̀, ó lé e kúrò níbẹ̀.

“Ọ̀sán ti pọ́n. Wọn ò fẹ́ kí èèyàn máa wò wọ́n lẹ́nu.”