Ẹ̀rọ Tó Gbé Aṣọ Nọ́ọ̀sì Mì

“Ìyàwó, gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà yẹn. Èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀.”

Ohùn alágbàfọ̀ ti gba gbogbo ọ́fíìsì kan. Àwọn tó ń dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà wọn ti pa fóònù tì, wọ́n ń wòran. Ẹni tó ń bá wí lẹ́yìn káńtà kì í ṣe àjèjì: ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni, tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ gbà síbẹ̀ láti máa dá àwọn oníbàárà lóhùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Kọ̀ǹpútà ni ò gbà.”

“Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń fọṣọ ni? Aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀rọ mi láti àná. Bọ́ọ̀dù iná tó ń darí rẹ̀ kú, ilẹ̀kùn tì pa, aṣọ ti ń rùn nínú omi. Bí mi ò bá kó wọn dé ilé ìwòsàn lọ́la, alágbàfọ̀ mìíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún. Kí ni mo tún wá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sí?”

“A ò ta bọ́ọ̀dù yẹn mọ́. Wọ́n ti dá irú ẹ̀rọ yẹn dúró. Ẹ gbé e wá fún àtúnlò, a ó yọ owó díẹ̀ fún yín lórí tuntun.”

“Ẹ̀rọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta? Àga tí mò ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù jù ú lọ́jọ́ orí, kò sì tíì sọ fún mi pé wọ́n ti dá òun dúró.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ibi tí alágbàfọ̀ ti fẹ́ yíjú wò ó ni ojú rẹ̀ ti bá ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, irú tirẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀dù ń dán nínú rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?”

“Àtúnlò ni. Ike inú rẹ̀ ló là, kò sí nǹkan tó ṣe bọ́ọ̀dù.” Ìyàwó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́.

“Ó parí. Yọ ọ́ fún mi.”

“Kò ṣeé ṣe. Ohun tó bá ti wọlé fún àtúnlò kì í jáde lódindi. A gbọ́dọ̀ fọ́ ọ kí ọkọ̀ tó wá kó o. Wọ́n ní ó lè dá iná sílẹ̀ nílé oníbàárà.”

“Níbi tí mo dúró sí yìí, mo ti gbiná tán. Ìyàwó, nígbà tí o bímọ tí o ò lè dìde, ta ló ń fọ ìlédìí? Ẹ̀rọ yẹn náà ni mo fi fọ̀ ọ́.”

Ojú ìyàwó rọ̀. Ó wẹ̀yìn, ó mú sukudíráfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́ọ̀dù náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ sórí káńtà ni ọ̀gá rẹ̀ jáde láti inú yàrá onígíláàsì, káàdì lọ́rùn.

“Mọ́mì, ẹ má bínú, àṣẹ òkè ni,” ó ní, kò tilẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kọjú sí ìyàwó. “Kí ló dé tí èyí ṣì wà lódindi? Fọ́ ọ, ká pe nọ́ńbà tó kàn.”

Alágbàfọ̀ gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀dù náà. “Kò ní fọ́ ọ. Mo mọ ẹni tí àbúrò mi fẹ́.”

Ìyàwó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú òòlù. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, ó sì fọ́ ọ sí méjì.