Àmì Kan Tó Dá Wà Lókè

Ẹ wò ó, èmi Morìnsọ́lá kì í ṣe ojo. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ariwo ìjà kì í lé mi wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà lásán-làsàn dẹ́rù bà mí.

Èmi àti Ebere la jọ ń ṣe ìwádìí tí a ó fi gba másítà. BP àwọn awakọ̀ tàǹkà àti tírélà tó ń sùn sí Coconut, lójú ọ̀nà Tin Can ní Àpápá, là ń wò. Èmi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, Ebere ń wọn BP wọn, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. A ò gba orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí a ti ṣèlérí àṣírí fún wọn. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SPSS la kọ́kọ́ fi ṣe ìṣirò rẹ̀, ayédèrú tí ẹnì kan fún wa nínú fúláàṣì. A kàn ní kó pa gbogbo BP náà pọ̀, kó pín in dọ́gba, kó fún wa ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà náà dára, a yọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní òun ò ní fọwọ́ sí ayédèrú: ká ra ojúlówó, tàbí ká lo R tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Owó dà? R ni mo mú. Háà, R! Kì í ṣe bọ́tìnnì lò ń tẹ̀, àṣẹ ni wàá máa kọ fún un, bí kọ́mà kan bá sì sọnù, á kanra mọ́ ọ bí ìyàwó bàbá. Mo bá a jìjàkadì títí ó fi ya àwòrán jáde, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì dúdú tirẹ̀. Gbogbo wọn rọ́ jọ sísàlẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo dá wà lókè pátápátá.

Bí àmì bá ṣe ga tó ni BP ṣe ga tó. Ẹni tí BP rẹ̀ bá ga tó báyẹn lè ṣubú nígbàkigbà.

"Ebere, ta nìyí?"

"Abeg, mo rò pé ẹ̀rọ BP yẹn ló ń ṣe wèrè," ó ní. "Mo kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"O kàn kọ ọ́? Ṣé orí ẹ pé?"

Mo fi nọ́ńbà àmì náà wá àwọn ìdáhùn tí awakọ̀ yẹn fún mi. Ọmọ Ṣakí ni, ó ti dàgbà, epo bẹntiróòlù ló sì ń gbé. Bẹntiróòlù! Kí ojú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣú lórí bíríìjì ńkọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

A sáré lọ sí Coconut. Mo ní à ń wá awakọ̀ ará Ṣakí kan tí ara rẹ̀ ò yá.

"Kò sí aláìsàn níbí o, nọ́ọ̀sì," ọ̀kan nínú wọn ní.

Mo mọ ohun tó fà á. Awakọ̀ tí wọ́n bá ti pè ní aláìsàn, ọ̀gá á gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ta ló máa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ ẹ̀? Mo bá parọ́, mo ní mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá Ṣakí kan tó ṣàdúrà fún mi níjọ́sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí tàǹkà kan.

"Bàbá Oyèníran nìyẹn. Ṣe kíá o, ó ti gbé ẹrù, ó ń lọ."

Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Mo gun àtẹ̀gùn mọ́tò náà, mo di ilẹ̀kùn mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa mọ́tò!"

Ojú bàbá pọ́n, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn sí mi. "Ọmọ mi! Ẹ̀yin lẹ wá wọn BP wa níjọ́sí. Ẹ ṣeun gan-an o."

"Ẹ ṣeun kẹ̀? Bàbá, BP yín..."

"Ó ti dáa, mo mọ̀. Ìyàwó mi ló ń yọ mí lẹ́nu, ó ní kí n má fi oògùn BP mi ṣeré. Mo ní ká wo ohun tí àwọn ọmọ yunifásítì máa sọ ná. Mo retí yín títí, ẹ ò padà wá. Mo ní bó bá burú ni, ṣé àwọn ọ̀mọ̀wé á dákẹ́? Ni mo bá da gbogbo oògùn náà nù."

Mo bú sẹ́kún. Mi ò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, mò ń pariwo kí ẹnikẹ́ni bá mi pa mọ́tò yìí, bàbá sì ń bẹ̀ mí pé kí n má sunkún mọ́, pé ara òun le.