Ọ̀pá Ìpẹja Igba Dọ́là

Ẹja básì kan wà tí mo pa ní adágún Crooked Oak lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí mo ṣe fà á jáde báyìí, omi adágún náà fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ojú omi jókòó sórí ẹrẹ̀, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ní láti sún ìrìbọmi síwájú títí òjò fi rọ̀. Ìpẹ́ ẹja yẹn ni mo fi kan òrùlé ilé ìyá mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo òrùlé náà. Ó ń jò, torí ìpẹ́ ẹja kì í ṣe páànù.

Garlon ni wọ́n ń pè mí. Ìwé mẹ́jọ ni mo kà kí ilé ìwé tó bẹ̀ mí pé kí n máa lọ. Ṣọ́ọ̀bù Hoyt ni mo ti ń ṣiṣẹ́, létí adágún yẹn, ní Alabama. A ń ta ìjẹ, ìwọ̀, ọ̀pá ìpẹja, ẹ̀pà sísè, àti kọfí tó lè jí òkú. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo ń pa nídìí káńtà ló ń kó èrò wá. Bí ẹ bá gba ìtàn lẹ́nu mi, fìlà àti bàtà nìkan ló máa kù lára mi.

Lọ́jọ́ Tuesday kan nínú oṣù kẹrin, Míìs Ardith wọlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Òun ló máa ń gbé mi lọ, òun náà ló gbé mi padà wálé lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje pípa ẹja básì ti ọjọ́ Sátidé, èyí tí èèyàn méjì-méjì ń wọ ọkọ̀ ojú omi kan.

Ó ní, "Garlon, igba dọ́là ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn, àti okùn fúnra rẹ̀. Irú kẹ̀kẹ́ tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tó ń gùn ún lórí."

"Ẹ ti débi tó yẹ, Míìs Ardith. Èmi yìí, ọ̀pá kan wà tí mo—"

"Má pàtàn fún mi. Kó wọn wá, kí n fọwọ́ kàn wọ́n."

Mo kọ́kọ́ gbé ológójì dọ́là wá, ọ̀pá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, inú ọ̀rá kan náà ni wọ́n wà. Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bíi pé èèyàn ń jẹ òkúta.

"Jíà bọ́ọ̀sì mi àtijọ́ nìyí. Ẹja tí ò bá gbọ́ ọ, adití ni."

Mo gbé ẹlẹ́gbẹ̀rin dọ́là wá. Mo ní, "Èyí fúyẹ́ débi pé ṣe la máa ń so ó mọ́ ògiri kí atẹ́gùn má gbé e lọ." Ó wo iye owó tó wà lára rẹ̀, ó sì rọra dá a padà fún mi bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ó wá ku àwọn tó wà láàárín. Èyí tí mo fẹ́ kó rà ni kẹ̀kẹ́ pupa kan tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé bèárìn mẹ́rìnlá, àwọn irin róbótó tó ń jẹ́ kó yí geere, ló wà nínú rẹ̀.

"Mẹ́rìnlá, Míìs Ardith. Ẹ yí i lónìí, yóò ṣì máa yí lọ́jọ́ Kérésì."

"Ta ló kà á?"

"Ó wà lára páálí."

"Orúkọ tìẹ náà wà nínú ìwé orúkọ ilé ìwé. Ṣé o wà ńbẹ̀?"

Ó fa okùn kẹ̀kẹ́ pupa náà jáde, ó ní kí n di orí okùn náà mú kí n máa fẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń yẹ ìjánu rẹ̀ wò, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí okùn rọra tú nígbà tí ẹja bá ń fà, kó má baà já. Ìjánu kẹ̀kẹ́ pupa ò tètè tú. Ó dì mú, ó já sílẹ̀ gbà, ó tún dì mú. "Ẹṣin tí wọn ò tíì kọ́ rèé," ló wí, ó sì gbé e tì. Ó mú òmíràn, aláwọ̀ eérú kan báyìí tí kò jọ nǹkan kan, ọgọ́rin dọ́là. Mo tún di okùn mú, mo tún fẹ̀yìn rìn. Okùn náà ń tú bí oyin tó ń ti inú ìgò bọ̀. Mo rìn títí mo fi kan ẹ̀rọ amúǹkantutù.

Ó ní, "Mo mú kẹ̀kẹ́ yìí."

Ọ̀pá ńkọ́? Ó yọ òwú díẹ̀ nínú báàgì rẹ̀, ó ń fà á gba inú àwọn òrùka tí okùn máa ń gbà kọjá lára ọ̀pá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára ọ̀pá àkọ́kọ́, òrùka kẹta já òwú gbà.

"Òrùka yìí ti sán. Á gé okùn mi."

"Kò sẹ́ni tó tíì rí ìyẹn láti ọdún tó kọjá."

"Kò sẹ́ni tó wò ó ni."

Ọ̀pá kejì le láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí igi ìgbálẹ̀. Ẹ̀kẹta ló gbà: ẹsẹ̀ bàtà méje, ṣóńṣó orí rẹ̀ rọ̀ débi tí yóò fi mọ̀ bí ẹja bá mí sí ìjẹ, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ le dáadáa. Ó so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ìka kan ṣoṣo. Ọ̀pá náà dúró gbọọrọ, kò wúwo lórí, kò wúwo nídìí. Ó ní èyí tó bá ń dorí kọ ilẹ̀ á ti sọ ọwọ́ òun di aláìsàn kó tó di ọ̀sán. Ọgọ́rùn-ún dọ́là lé díẹ̀. Owó okùn sì tún ṣẹ́kù.

Ní tòótọ́, nínú gbogbo ètò yẹn, okùn dídìmú àti fífẹ̀yìnrìn niṣẹ́ mi.

Ìgbà yẹn ni Trammell wọlé. Ilé onítáyà, irú èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà kiri, ló ń tà. Ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ń dán débi pé pẹ́pẹ́yẹ tó bá fò kọjá lórí rẹ̀ ní láti wọ dígí òòrùn. Ọ̀pá méje ló ní, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí kò tó ẹgbẹ̀rin dọ́là.

Ó wo ọ̀pá tuntun náà, ó rẹ́rìn-ín. "Míìs Ardith, ẹja lẹ fẹ́ fi ìyẹn pa, àbí aṣọ lẹ fẹ́ sá lé e?"

"Trammell, mo mọ̀ ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì mi nígbà tí ikun ń ṣàn nímú rẹ. Lọ jókòó síbi tí wọ́n bá fún ẹ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹnu mi ni kò jẹ́. Mo ní, "Bí ọ̀pá yẹn ò bá borí méjèèje tìẹ ní Sátidé, mi ò ní pàtàn kankan mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí títí ọdún á fi yí po."

Hoyt, ọ̀gá mi, gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà dáwọ́ dúró.

"Ọdún kan gbáko?" Trammell bi mí. "Hoyt, bá wa kọ ọ́ sílẹ̀."

Hoyt kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ekòló, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i. Míìs Ardith wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo máa di àwọ̀n mú nínú ọkọ̀ mi. Ẹnu rẹ ló kó ẹ wọ̀ ọ́."

Nígbà tí Sátidé máa fi mọ́, atẹ́gùn tútù ti gbá ojú ọ̀run mọ́ féfé, omi mọ́ gaara, ẹja sì pa ẹnu dé bí ọmọ tó kọ oúnjẹ. Trammell ń ju ìjẹ tó tóbi bí búrẹ́dì, tó bá bọ́ sómi á dún gbàmù. Àwa wà lábẹ́ afárá àtijọ́, Míìs Ardith ń rọra sọ ekòló rọ́bà kan tí kò tó pẹ́ńsù sílẹ̀ tòun ti okùn tín-ín-rín. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹja mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀, ẹja márùn-ún ni wọ́n sì ń wọ̀n. Mo ti ń ka ọjọ́ inú ọdún, mo rí i pé wọ́n pọ̀.

Bí aago kan ṣe kọjá, ọ̀pá náà tẹ̀.

"Ẹ fún ìjánu le, Míìs Ardith."

"Pa ẹnu ẹ dé, Garlon."

Ẹja náà sá lọ, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ eérú sì ń tú okùn fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Míìs Ardith ò yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rárá, torí ẹni tó bá ń yí i nígbà tí ẹja ń fà, ṣe ló ń lọ́ okùn ara rẹ̀ bí irun adìpọ̀. Ìgbà tí ẹja sinmi ló ká a. Ẹja tún sá, ó kọrí sídìí òpó afárá níbi tí àwọn ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ọn ti mú bí abẹ. Míìs Ardith ti ṣóńṣó ọ̀pá bọ omi, ó fi ẹ̀gbẹ́ fà á. Ọ̀pá náà ká kò bí ẹni tó ń wá owó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ ò yẹ̀. Ẹja fò sókè. Ẹnu rẹ̀ gba fìlà mi, kódà tí mo bá ń sọ òótọ́.

Mo ti àwọ̀n bọ omi, mo tàsé.

"Tó o bá tún tàsé, wàá lúwẹ̀ẹ́ délé."

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wọlé.

Nídìí òṣùwọ̀n, ẹja márùn-ún Trammell jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀. Tiwa jẹ́ mẹ́tàdínlógún lé díẹ̀. Ariwo tí àwọn èèyàn pa, ìyá mi gbọ́ ọ láti ogún máìlì, ó sì lọ ká aṣọ nílẹ̀ torí ó rò pé òjò ni.

Ṣùgbọ́n òfin ìdíje wa ni pé ẹni tó bá borí gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń mú onírọ́, òun àti ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀. Apẹja ni wá, a mọ ara wa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, wọ́n á gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Míìs Ardith ló kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó ń tún irun ṣe.

Trammell fi ọwọ́ ra ọwọ́. "Ife ti dọwọ́ mi. Garlon ò tíì sọ òótọ́ látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú."

Thurman, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ẹ̀rọ náà, irú ti àtijọ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fa ìlà sórí bébà. Ó so okùn mọ́ àyà mi, ó fi wáyà méjì há mi níka. Òógùn bò mí.

"Ṣé inú adágún yìí lẹ ti pa ẹja márààrún, lónìí, pẹ̀lú ìwọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ẹnì kankan fi nǹkan sínú ẹja kó lè wúwo?"

"Rárá, sà."

"Garlon, ṣé o ti purọ́ nípa ẹja rí?"

Mo wo abẹ́rẹ́ yẹn, abẹ́rẹ́ náà ń wò mí. Mo ronú kan ìpẹ́, mo ronú kan òrùlé, mo ronú kan ọdún kan gbáko tí mo máa fi dákẹ́. Mo mí kanlẹ̀.

"Lójoojúmọ́ ni, sà. Tó bá di ọjọ́ Sunday, ẹ̀ẹ̀mejì."

Abẹ́rẹ́ náà sùn lọ fọnfọn bí ajá tó yó. Thurman ṣí ìlẹ̀kùn, ó ní, "Ó yege." Gbogbo wọn ya wọlé, Hoyt fa páálí ekòló ya, wọ́n gbé ife lé Míìs Ardith lọ́wọ́. Ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọ̀pá igba dọ́là wà ní ọwọ́ kejì. Trammell alára bọ́ fìlà fún un.

Ó wá yíjú sí mi. "Jọ̀ọ́, Garlon, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ta ló yan ọ̀pá yìí?"

Ẹnu mi ti gba òmìnira. Mo na ẹsẹ̀. Mo ní, "Ta ni ì bá tún yàn án bí kò ṣe èmi? Mo dijú, mo na ọwọ́ sáàárín igba ọ̀pá, mo gbọ́ bí òun nìkan ṣe ń mí. Mo ní, Míìs Ardith, òun nìyí—"

Fírí, fírí, fírí. Abẹ́rẹ́ ti jí. Ó ń fa ìlà sókè sódò, ó fa jáde lórí bébà, ó bọ́ sórí tábìlì. Thurman ò tíì tú wáyà kúrò níka mi.

Míìs Ardith bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ife ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tún un sọ, Garlon," ó wí. "Bébà ṣì kù."

Mo já okùn àyà, mo gba ojú wíńdò jáde. Bí mo ṣe ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, wáyà méjèèjì ń fì níka mi bí irùngbọ̀n ẹja àrọ̀.